Jíà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Monílọ́lá

Ọ̀rọ̀ ìjà ni Monílọ́lá kọ́kọ́ bá Suhaib sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ó gbé ọkọ̀ Bíẹ́mù (BMW) àlòkù rẹ̀ wọ ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ore, ó ní òun ń wá ẹni tó máa bá òun fi iná jó jíà ẹ̀yìn pọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, Suhaib, yọ orí lábẹ́ ọkọ̀. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi jó ni. Ìdíje àwọn tó ń fi ọkọ̀ jó ní kọ̀nà, kí ìdí rẹ̀ máa yọ síta, ti dé tán, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Mi ò kàn mọ̀ pé obìnrin wà níbẹ̀ ni."

"Ṣé táyà máa ń béèrè bóyá obìnrin ló ń wa òun ni?"

Suhaib bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá wọn.

Ẹ má rò pé Monílọ́lá kò mọ ohun tó ń sọ o. Ọmọ Odigbo ni. Inú pikọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀, Bàbá Ọláníran, fi ń kó kòkó ló ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bí òjò bá rọ̀ lójú ọ̀nà oko, táyà kan á máa yí lásán nínú ẹrọ̀fọ̀, èkejì á dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníkòkó fi ń ní kí wẹ́dà jó irin inú jíà ẹ̀yìn pọ̀, kí táyà méjèèjì máa yí papọ̀ tipátipá.

"Ẹrọ̀fọ̀ nìyẹn," Suhaib ní. "Ojú ọ̀dà yàtọ̀. Ní kọ̀nà, táyà ìta ní láti rìn ju ti inú lọ. Bí ẹ bá jó wọn pọ̀, ọkọ̀ yín á jó dáadáa lóòótọ́, kò sì ní ná yín lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ sílé, á máa dún gbì-gbì ní gbogbo kọ̀nà, á máa jẹ táyà, lọ́jọ́ kan á sì kán ṣáfútì, irin tó ń yí táyà."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Jíà onípéléètì. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, àwọn péléètì inú rẹ̀ á di ara wọn mú, táyà méjèèjì á fà pọ̀. Bí ẹ bá ń yà wẹ́rẹ́, wọ́n á dẹ̀ fún ara wọn. Ó ṣòroó rí, ṣùgbọ́n màá bá yín wá a."

Ó wá a lóòótọ́. Bó ṣe ń wá a ni Monílọ́lá ń wá sí Ore. Lónìí, ó gbé bọ̀ọ̀lì wá. Lọ́la, kò gbé nǹkan kan wá, ó kàn wá jókòó sórí táyà ni. Kí ó tó rí jíà náà, tó sì dè é mọ́ ọkọ̀ tán, ìfẹ́ ti wọ àwọn méjèèjì lára.

"Ìfẹ́ mi, o tún ti fi gírísì kàn mí láṣọ."

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé o ti ní olówó orí ni."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Ọláníran gbọ́, ilé gbóná. "Ọmọ mi ń fi ọkọ̀ jó, mo fara dà á. Ṣé mẹkáníìkì ló tún kù tó máa fẹ́? Èyí tí kì í tilẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!"

Monílọ́lá kúnlẹ̀. "Bàbá mi, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò ní dí mi lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ò ní dí i lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí."

Bàbá mi orí. "Jíà tí wọn ò jó pọ̀, èmi ò tíì rí èyí tó fà dáadáa. Ó dáa. Màá wá wo ìdíje yín. Bí o bá borí, tí ọkọ̀ yẹn sì gbé mi láti Ore délé láìdún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọmọkùnrin náà kó ẹbí rẹ̀ wá. Bí ó bá dún pẹ́nrẹ́n, màá sọ̀kalẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀ mọ́."

Ọjọ́ pé. Monílọ́lá gbé ọkọ̀ láti Odigbo wọ pápá ìdíje ní Ore. Ní kọ̀nà àkọ́kọ́ nínú pápá, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ dún gbì! gbì! Yéèpà! Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Suhaib ṣe yẹ̀yẹ́.

Suhaib wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó tú ìdérí jíà, ó fi ìka kan ọ́ìlì inú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tó ki, tó dúdú: irú tí wọ́n ń dà sí pikọ́ọ̀pù oníkòkó ni. Jíà onípéléètì ò sì gba irú rẹ̀ rárá; ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀. Ó gbójú sókè. Bàbá Ọláníran ló dúró níbẹ̀, ọ́ìlì dúdú yẹn wà ní etí ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá yáa gbójú kúrò.

"Suhaib!" Monílọ́lá pariwo. "Kí lo dà sínú jíà mi lánàá?"

Suhaib dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe."

"Èmi tí mo fọkàn tán ẹ!" Omijé bọ́ lójú Monílọ́lá. Ó dùn ún dé egungun.

Suhaib da ọ́ìlì burúkú náà nù, ó da tuntun sí i. "Kọ́kọ́ máa yí i po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lápá ọ̀tún, lápá òsì, kí péléètì mu ọ́ìlì."

Ó yí i po. Gbì-gbì náà ń rọlẹ̀, ó rọlẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Háà, ẹ̀yin èèyàn! Monílọ́lá tẹ tọ́tù, ìdí ọkọ̀ yọ síta, èéfín táyà bo pápá. Kọ̀nà kìíní, kọ̀nà kejì, táyà méjèèjì fà pọ̀ láìjá ara wọn kulẹ̀. Nígbà tó fi máa dúró, àwọn èèyàn ti ń pariwo, "Ọmọ Odigbo! Ọmọ Odigbo!" Òun ló borí gbogbo wọn, àtọkùnrin àtobìnrin.

Ó wá ku ọ̀nà ilé. Ẹ̀yìn ni Bàbá jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Suhaib, kó lè gbọ́ jíà dáadáa. Ní gbogbo kọ̀nà, á tẹ́ etí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Monílọ́lá, tí inú ṣì ń bí, tẹjú mọ́ ọ̀nà. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá ò sọ̀kalẹ̀.

"Monílọ́lá, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni, Bàbá?"

"Èmi ni mo da ọ́ìlì pikọ́ọ̀pù sí i ní alẹ́ àná. Mo rò pé ọ́ìlì tó ki ló máa ràn án lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí ojú tì ẹ́ láàárín wọn. Ọmọ yìí rí i lára ṣòkòtò mi, ó sì gbé e ru ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé."

Monílọ́lá yíjú padà, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Ìfẹ́ mi, kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àna mi ni. Kí ni kí n sọ?"

Bàbá wúkọ́. "Ta ni àna ẹ? Ṣé o tíì kó ẹbí ẹ wá ni?" Ó wo ìta. "Kí wọ́n wá ní Sátidé. Kí wọ́n tètè dé, mi ò fẹ́ ọ̀lẹ lána." Ó tún wúkọ́. "Monílọ́lá, ojú ibi tí a ń sá kòkó ṣófo lónìí. Fi jó fún mi lẹ́ẹ̀kan."

Ìyá Monílọ́lá sáré jáde nígbà tó gbọ́ ariwo. Ọkọ̀ ń pòyì lójú ìsákòkó, ẹnì kan sì ń kígbe nínú rẹ̀ bí ọmọdé. Bàbá Ọláníran ni, ó di ọwọ́ Suhaib mú pinpin, ó ń pariwo pé, "Tún un ṣe! Tún un ṣe!"