Ohun Tó Ń Jẹ Eegun Ẹ̀yìn Káfíńtà

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa àbúrò Káfíńtà. Ó jẹun tán, ó ní kí wọ́n jí òun ní kùtù, ìgbà tí wọ́n sì débẹ̀, ó ti tutù. Ẹkún ò tíì tán nílé tí ẹ̀yìn Káfíńtà fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kì í ṣe ìrora iṣẹ́ o. Ibà á dé, òógùn á bò ó, ọkùnrin tó ń dá àpótí aṣọ gbé ò wá lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀ mọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò inú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí ti wọ eegun méjì níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń gún un lábẹ́rẹ́. Ibà lọ, ìrora rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbá ti tán síbẹ̀, ká ní wọn ò ya fọ́tò kejì.

Ọjọ́ tí fọ́tò náà jáde, dókítà ò sí níbi iṣẹ́; wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Káfíńtà ò lè dúró. Ẹni tí kò lè ka ìwé tí dókítà kọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wá di olùka fọ́tò. Wọ́n gbé fọ́tò àkọ́kọ́ àti tuntun sójú fèrèsé kí oòrùn lè là wọ́n kọjá. Ihò inú eegun ti fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe oníṣẹ́ igi ló wá tẹ̀ lé e. Ọgbọ̀n ọdún ni Káfíńtà ti ń rí pákó tí ojú rẹ̀ ń dán, tí ikán sì ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ní ara òun tó ń yá yìí, ojú pákó lásán ni. Ẹnìkan nínú ilé ló ń jẹ òun níbi tí kò ní dun òun.

Màmá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń fi òróró ra ẹ̀yìn fún un láràárọ̀. Òun náà ló gbé oúnjẹ ìkẹyìn fún àbúrò. Ẹyẹ dúdú kan máa ń bà sórí òrùlé iyàrá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àwọn aládùúgbò á wojú ara wọn. Wọ́n á ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Obìnrin tó tọ́ Káfíńtà àti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá wọn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ń dun èmi tí mò ń sọ ọ́ títí dòní.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí fọ́tò jáde, wọ́n pe Màmá sí pálọ̀. Ìyàwó ní àjẹ́ tó bá jẹ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ á kúrò lára ẹni tó mú; bí kò bá sì jẹ́wọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Màmá bú wọn dáadáa. Káfíńtà ò bú u padà. Ó kàn na fọ́tò méjèèjì sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ihò tó ti fẹ̀.

Màmá wo ihò náà títí.

"Tí mo bá jẹ́wọ́, ihò yìí á dí?"

"Wọ́n ní á dí, Màmá."

"Ó dáa. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Àbúrò ẹ náà, èmi ni."

Wọn ò lé e jáde, àmọ́ wọ́n kó ẹrù rẹ̀ lọ sí iyàrá àlòkù pákó lẹ́yìn ilé. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé kí wọ́n má gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà wo fọ́tò, ó wo èsì ẹ̀jẹ̀, ó ní kí Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tún nàró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Káfíńtà ní ihò tó ń fẹ̀ sí i ńkọ́?

"Ẹ̀yin lẹ sáré kà á. Ara ló máa ń kọ́kọ́ yá, eegun á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Fọ́tò lè burú sí i fún oṣù mélòó kan, kí àìsàn sì ti máa lọ. Ẹ̀jẹ̀ yín ti mọ́. Kí wọ́n tó ya eléyìí rárá lara yín ti ń yá."

Káfíńtà béèrè ohun tó pa àbúrò rẹ̀. Dókítà ní òun ò yẹ̀ ẹ́ wò, òun ò lè purọ́.

Káfíńtà sáré délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà iyàrá pákó. Ó sunkún, ó ro gbogbo ohun tí dókítà sọ, ó bẹ Màmá kó wá sọ lójú gbogbo ilé pé irọ́ lòun pa mọ́ra òun, kó padà sí iyàrá rẹ̀.

Màmá ò jáde.

"Látìgbà tí mo ti jẹ́wọ́, ẹ̀yìn ẹ dùn ẹ́?"

"Rárá, Màmá. Àmọ́ dókítà ní..."

"Mo gbọ́. Tí mo bá wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, tó tún bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Mo ti sin ọ̀kan nínú yín. Fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ mi."

Ó ti ilẹ̀kùn, Káfíńtà sì gbọ́ bó ṣe ń wọ́ pákó tì í látinú.