Ọjọ́ Tí Dóyin Gbẹ̀san

"Dóyin, ṣé o ti fi apá tèmi sínú iṣẹ́ wa?" Oksana, ọ̀rẹ́ rẹ̀, béèrè lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Ó ti wà níbẹ̀," Dóyin rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọdún 2016 ni, owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ sì ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní Calgary, ní Kánádà. Wọ́n ti dá bàbá Dóyin, ẹnjiníà, dúró. Bàbá Oksana ló fọwọ́ sí lẹ́tà ìdádúró náà. Láti ìgbà náà ni bàbá Dóyin ti ń jókòó sínú basement, yàrá abẹ́ ilé wọn ní Saddle Ridge, tí kì í fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Dóyin búra pé ọmọ ẹni tó ṣe bàbá òun báyìí máa sunkún.

Kò pẹ́ tí tíṣà fi pa àwọn méjèèjì pọ̀ láti ṣàlàyé bí ìrìn àjò ṣe tún ayé àwọn ẹ̀yà Slav, àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù, ṣe nígbà láéláé. Dóyin kọ bí wọ́n ṣe ṣí kiri, tí wọ́n tẹ̀dó sétí odò. Oksana kọ nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tó ti ilẹ̀ Gíríìkì lọ sí Moravia, ilẹ̀ Slav kan, tí wọ́n ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún èdè Slav. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn jáde, Bulgaria gbà wọ́n, ibẹ̀ sì ni ìwé kíkọ ti gbilẹ̀. Nínú apá Oksana yìí, Dóyin yí gbogbo ọdún padà, ó kọ ọ́ pé ṣe ni wọ́n pa àwọn àlejò náà ní Bulgaria.

"Oksana, níbo lo ti rí irọ́ yìí?" tíṣà béèrè níwájú gbogbo kíláàsì lẹ́yìn tó ka iṣẹ́ náà.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Oksana sá jáde pẹ̀lú omijé. Ó dùn mọ́ Dóyin dọ́kàn.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ wọ kóòtù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti ríṣẹ́ ní Cochrane! Bàbá Oksana ló júwe mi. Wọ́n ti dá òun náà dúró. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀ nítorí mi títí, wọn ò gbọ́."

"Daddy, ẹ má bínú. I did something terrible." Dóyin jẹ́wọ́ ohun tó ṣe fún Oksana.

Bàbá bọ́ kóòtù rẹ̀. "Aforóyaró ni kì í jẹ́ kóró tán nílẹ̀," ó wí. "Lọ tún orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, Dóyin jẹ́wọ́ níwájú kíláàsì. Tíṣà fún un ní òdo, ó sì dá máàkì Oksana padà. Ṣùgbọ́n Oksana kò kí i mọ́ títí wọ́n fi jáde ilé ìwé. Ìgbà yẹn ni Dóyin tó mọ̀ pé ẹ̀san a máa yá lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, àti pé bí a bá tilẹ̀ tọrọ àforíjì, kì í ṣe dandan kí ọ̀rẹ́ padà.