Ìpàdé Èédú àti Oòrùn ní Ìsàlẹ̀-Àpáta

"O tún ti kú! Ìwọ fìríìjì yìí, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ohùn Félicité agbẹ̀bí lẹ gbọ́ yẹn, ní ilé ìwòsàn kékeré Ìsàlẹ̀-Àpáta, lẹ́yìn ìlú Akofodjoulè. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni, nínú ọyẹ́. Ìgbà kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí fìríìjì ń dákẹ́ lọ́sàn-án gangan. Inú rẹ̀ sì ni oògùn àjẹsára èèyi ti ọgọ́ta ọmọ wà. Èèyi, ìgbóná burúkú tó máa ń ṣú bo ọmọ lára, ti wọ abúlé Kpingni. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìyá ń kó ọmọ bọ̀ wá gbabẹ́rẹ́. Bí oògùn bá sì ti gbóná, bí ẹni gún omi lásán fọ́mọ ni.

Fìríìjì yẹn kì í mu epo. Pátákó dídán mẹ́rin ni wọ́n tò sórí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Àwọn ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná. Láàárọ̀ kùtù ni Félicité máa ń gun àpáta lọ fi àkísà nu eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn, bí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe kọ́ ọ. Yàtọ̀ sí eruku yẹn, kì í bá ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Kí ló wá ń ṣe fìríìjì?

Dípò kí ẹnì kan bá a wá ìdí ọ̀rọ̀, ìpàdé ni wọ́n pè. Ayé Révolution ni, ìgbà tí ìjọba ológun ní ayé tuntun dé, ẹ má ṣe gbàgbé! Adìẹ ò lè yé ẹyin kó má di ìpàdé.

"Ehuzu!" ni Sylvestre, délégé tó jẹ́ olórí abúlé, ké lábẹ́ igi máńgòrò.

"Dandan!" ni gbogbo èèyàn dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń kígbe Révolution: ayé ti yí padà, dandan ni.

"Ẹ̀yin kámáráàdì, mo ti wí i tẹ́lẹ̀. Oòrùn kì í ṣe ohun tí à ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ́ńjìnì kan wà ní Glazoué tó ń jẹ èédú. Èédú rèé, ó ṣeé fọwọ́ bà. Ẹ jẹ́ ká gé igi orí òkè, ká sun èédú, kí iná wà tọ̀sán-tòru!"

Eustache, olùkọ́ ilé ìwé, fò dìde. "Igi wo lẹ fẹ́ gé? Igi òrí àti igi irú tí àwọn ìyá wa fi ń jẹun? Bí ẹ bá sun ìyẹn tán, kí ló kù tẹ́ ẹ máa sun? Àwọn àga yín?"

"Pátákó àwọn amúnisìn lò ń gbèjà!" ni Sylvestre ké mọ́ ọn.

"Oòrùn náà ti wá di ti amúnisìn?"

Ni ariwo bá sọ. Félicité na ọwọ́ títí, apá ń ro ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, oògùn ń gbóná. Ẹ yá mi ní mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù ẹgbẹ́ yẹn, kí n gbé e lọ sí fìríìjì Dassa kó tó bàjẹ́."

"Kámáráàdì agbẹ̀bí, ẹ jókòó," ni Sylvestre wí. "A ò tíì dé orí ìyẹn."

Wọn ò dé orí ìyẹn lọ́jọ́ Ajé. Wọn ò dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku, àmọ́ ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, eku ni wọ́n ń lé. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n dìbò, èédú ló wọlé, àwọn kan sì ti lọ ń pọ́n àáké. Inú bí Félicité débi pé kò lè jókòó mọ́. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó gun àpáta lọ. Láti ìgbà tó ti dé abúlé yẹn, kò gùn ún lọ́sàn-án rí.

Ta ló bá lókè? Ìyá Dorothée ni, ìyá tó bí Sylvestre délégé. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí gbodo, iṣu bíbọ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sá sóòrùn. Pátákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi sá a. Ẹ ò lè rí ibi tí abẹ́rẹ́ máa bọ́ sí.

"Ìyá! Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Gbodo mi ni mò ń yí, ọmọ mi. O kú oòrùn o."

"Lórí pátákó, Ìyá?"

"Orí àpáta wa ni. Ṣé o ò mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àpáta tó fi ń sá iṣu? Tiwa rèé láti ayé ìyá ọkọ mi. Àwọn tó wá to nǹkan yìí ò bi mí léèrè. Mo ní ó dáa, ìjọba ló bá mi tẹ́ ẹ. Kò ní iyanrìn, kíá ni gbodo ń gbẹ. Tó bá dìrọ̀lẹ́, mo máa ń kó o nítorí ìrì, màá sì nu ibẹ̀ mọ́ tónítóní."

Félicité káwọ́ lérí. Ṣé kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó sunkún?

"Ìyá, ìmọ́lẹ̀ ni nǹkan yìí ń jẹ. Ibi tí gbodo bá bò, iná ò lè tibẹ̀ wá. Ẹ bò ó lọ́sàn-án, fìríìjì kú, oògùn àwọn ọmọ gbóná."

"Yéè! Èmi ni mò ń pa fìríìjì? Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Félicité, torí òótọ́ ni. Òun náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n kó gbodo sínú agbọ̀n, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìpàdé. Ìyá Dorothée dúró síwájú ọmọ rẹ̀.

"Sylvestre, o ní oòrùn ò wúlò. Ọkà tó o jẹ lánàá, kí ló mú gbodo ẹ̀ gbẹ?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Sylvestre wolẹ̀. Félicité nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá dé láti Kpingni. Ojú wọn ni Félicité ṣe da oògùn nù. Martine, tó ti ń rìn láti ìdájí pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ lẹ́yìn, ò gbà.

"Ẹ ò ní gún un fún un?"

"Ó ti bàjẹ́, ìyá ọmọ. Ẹ má bínú."

"Ta ló bà á jẹ́?"

Ọjọ́ kejìlá ni oògùn mìíràn tó dé. Martine tún gbé ọmọ wá, ṣùgbọ́n èèyi ti ṣáájú oògùn dé ara rẹ̀. Ojú ọ̀tún ọmọ náà ti funfun.

Ẹ̀yin ará, bí abúlé yín bá ní pátákó oòrùn, ẹ má sá nǹkan kan lé e, ìbáà ṣe gbodo, ìbáà ṣe aṣọ. Ẹ nu ún láàárọ̀, kí ẹ sì tún padà lọ wò ó lọ́sàn-án, torí ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e wá, ẹ bi ẹni tó ni ibẹ̀ léèrè, kí ẹ sì là á yé àwọn ìyá àgbà kí ẹ tó là á yé délégé. Oògùn àjẹsára tó bá ti gbóná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un fọ́mọ yín. Bí fìríìjì bá kú, ẹ kọ́kọ́ gbé oògùn lọ síbi tó tutù.

Ẹ fẹ́ jiyàn lórí èédú àti oòrùn? Ẹ jiyàn, ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tí ẹ ń jiyàn lé lórí. Àpáta yẹn ò gba Félicité ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti gùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣèpàdé, ọmọ Martine ló sì ń fi ojú kan ríran.