Ààlè Lára Èèkàn Rélùwéè

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni ọkùnrin kan ń rìn bọ̀ láti inú igbó, Sẹ̀gilọlá sì ń wò ó. Ọmọbìnrin náà wà nínú ẹkù, kòtò ńlá tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tẹ ẹyìn kí epo tó jáde. Epo ti pọ́n ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ọkùnrin náà di ẹ̀wọ̀n irin gígùn kan tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ mú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára òyìnbó tó ń juwọ́ sí i láti òkèèrè. Ó yẹ kí Sẹ̀gilọlá kígbe kìlọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu.

Jàbú! Ọkùnrin já sínú ẹkù, tòun taṣọ funfun.

Nígbà tó dìde, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni kò pupa.

"Ẹ kú àbọ̀ o," Sẹ̀gilọlá ní. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé lọ́dọ̀ tiyín nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí mo bá fi ojú wo ibi tí mò ń lọ, òyìnbó á bú mi."

"Ẹ̀yin lẹ ó tẹ ẹyìn tí ẹ fò lé yìí tán o."

"Bí ẹ bá máa dúró tì mí, mo gbà."

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí epo ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sí etí kòtò.

Olúsànyà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Òun àti àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè bọ̀ láti Èkó ni wọ́n jọ dé Ìbàdàn lọ́dún náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa gbá èèkàn mọ́lẹ̀ níbi tí òyìnbó bá nàka sí. Kí ó tó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbá ọ̀kan sí etí ẹkù gan-an. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín Sẹ̀gilọlá ti tán.

"Kí lèyí?"

"Ibí ni irin máa gbà. Bí ọkọ̀ rélùwéè bá gbéra láàárọ̀, ilẹ̀ ò ní tíì ṣú kó tó dé Èkó."

"Kí ni yóò gbé lọ?"

"Epo àti ekùrọ́ ni. Àwọn ọkọ̀ òkun ń dúró dè é ní èbúté. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ lára nílùú wọn."

"Epo wo? Ṣé èyí tó ń jáde nínú ẹkù tí ẹ fẹ́ dí yìí ni, àbí òmíràn wà?"

Olúsànyà wo èèkàn, ó wo òòlù ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì dùn mọ́ ọn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló tún dé, ó ká aṣọ tó mu epo náà dání. "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́," ó ní.

"Aṣọ yìí? Kò lè funfun mọ́ láyé. Ẹ kàn ń wá ọ̀nà àtiwá síbí ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Olúsànyà dáhùn, kò tilẹ̀ wojú ilẹ̀. Ara Sẹ̀gilọlá gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gba aṣọ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pera wọn ní ìwọ.

Ẹ̀bùnọlá, ìyá Sẹ̀gilọlá, ló ni ẹkù. Ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo obìnrin agbolé wọn ní Ìdí Arẹ́rẹ́ ti ń jẹun. Àwọn alárù ń ru epo wọn dé etí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé èbúté Èkó. Kò síbòmíràn tí wọ́n lè gbé ẹkù náà lọ, torí ọdọọdún ni odò Ògùnpa ń kún gba gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí irin bá gba orí ẹkù kọjá, oúnjẹ ti tán nílé nìyẹn.

Fágbèmí, bàbá Sẹ̀gilọlá, kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkùnrin kan ń fẹ́ ọmọ òun. Jagunjagun àtijọ́ ni, ogun ló sì sọ ọ́ di arọ lẹ́sẹ̀ kan. Nígbà tó gbọ́, ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Ẹ̀gbá kẹ̀? Nígbà ogun, àwọn wo ló ti ọ̀nà èbúté mọ́ wa? Iyọ̀ wọ́n títí a fi ń jẹ ọbẹ̀ títẹ́! Wọ́n wá dé lónìí, wọ́n ní àwọn ń la ọ̀nà, ẹkù ìyá rẹ ni wọ́n fẹ́ là! Kó má dé àgbàlá mi o. Bó bá dé ibẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni."

Sẹ̀gilọlá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó rí Olúsànyà létí odò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bá òyìnbó sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́."

"Mo ti bá a sọ ọ́, olólùfẹ́ mi. Kò gbọ́." Ohun kan tún wà lẹ́nu rẹ̀ tó fẹ́ sọ, ó gbé e mì.

Òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, àwọn lébìrà dé tàwọn tọkọ́, wọ́n sì bá ààlè lára èèkàn etí ẹkù. Ṣùkù àgbàdo, àjákù bàtà àti fọ́nrán aṣọ pupa kan ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn. Ta ni kò mọ ààlè? Olóhun ló ń fi lé ohun rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti pe wàhálà, ẹni tó so ó nìkan ló sì lè tú u. Àwọn lébìrà ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n fà sẹ́yìn.

Fágbèmí jókòó sí òdìkejì ẹkù, ó gbé àdá lé itan, Sẹ̀gilọlá sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Olúsànyà sún mọ́ èèkàn. Ó rí etí fọ́nrán aṣọ náà, òwú aró ni wọ́n fi rán an. Aṣọ tirẹ̀ ni! Aṣọ tó fún Sẹ̀gilọlá fọ̀ ni wọ́n ya, tí wọ́n fi ṣe ààlè yìí. Àṣé ọmọbìnrin tí òun fẹ́ràn ti so òun mọ́ ibi.

"Yọ ọ́!" òyìnbó pariwo.

Gbogbo ojú wà lára Olúsànyà. Ó ju òòlù sílẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo so ó. N kò ní tú u."

Ojú òyìnbó pọ́n bí ata. Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Olúsànyà, àti pé bílẹ̀ bá ti mọ́, òun á kó ọlọ́pàá wá, ẹni tí òun bá sì bá nídìí ẹkù á ṣẹ̀wọ̀n. Ó yíjú padà, àwọn lébìrà tẹ̀ lé e.

Olúsànyà nìkan ló dúró. "Sẹ̀gi, kí ni mo fi ṣe ọ́?" ó ní. "Èéṣe tó jẹ́ aṣọ mi lo fi so ó?"

Sẹ̀gilọlá sún mọ́ èèkàn, ó bẹ̀rẹ̀ wo ààlè náà. "Yéè! Bàbá, níbo lẹ ti rí aṣọ yìí?"

"Lórí okùn lẹ́yìnkùlé," Fágbèmí ní. "Ṣebí àkísà ni?"

"Aṣọ rẹ̀ ni, Bàbá! Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, kó gbẹ!"

Bàbá arúgbó kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. "Ìwọ ọmọ Ẹ̀gbá, o rò pé ìwọ gan-an ni a so síbẹ̀, o sì tún jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o kò fà á yọ?"

Olúsànyà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, bí mo bá fà á, ojú wo ni mo máa fi wo Sẹ̀gilọlá?"

Fágbèmí ní kí ó dìde. "Ó dáa. Ṣé kò síbòmíràn tí irin yín lè gbà ni?"

"Ó wà, Bàbá. N kò fẹ́ sọ ọ́, kí n má baà dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé yín. Apá ọ̀tún dára, ṣùgbọ́n inú oko obì yín ni. Àwọn tó kọ́kọ́ wá wo ilẹ̀ ní ẹ yọ àdá sí àwọn níbẹ̀. Ìyẹn ni òyìnbó ṣe yà síbí."

"Obì?" Ẹ̀bùnọlá ti dé ẹ̀yìn wọn láìjẹ́ kí wọ́n fura. "Baálé mi, ṣé obì yín ló ti èèkàn wọ inú ẹkù mi?"

Ojú ti Fágbèmí. Ọdún tó ti ogun dé ló gbin àwọn igi náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ tí kò bá a padà wálé. Ẹ̀bùnọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn jókòó tì í.

Nígbà tí òyìnbó dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọlọ́pàá, Fágbèmí ti dúró dè é nídìí ẹkù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ààlè. Ó fa èèkàn yọ, ó tiro wọ inú obì lọ, ó sì fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ gbá èèkàn náà mọ́lẹ̀ nídìí igi àkọ́kọ́. Olúsànyà fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ṣàlàyé pé bàbá ti yọ̀ǹda ibẹ̀: kí irin gba ibẹ̀ lọ, kí epo lè máa rí èbúté dé.

Òyìnbó fojú sínú awò rẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kò gbójú kúrò. Ẹ̀bùnọlá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fún un títí ó fi ń dun ọmọ. Àwọn ọlọ́pàá ń wo Fágbèmí, Fágbèmí ń wo igi.

Òyìnbó na ọwọ́ sókè, ó sì jù ú sápá ọ̀tún.

Lẹ́yìn náà ló nàka sí òòlù tó wà nílẹ̀ láti àná, ó nàka sí Olúsànyà. Olúsànyà sáré mú un, ó gbá ẹ̀wọ̀n irin mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn.

"Olúsànyà! Ẹ̀yìn rẹ!" Sẹ̀gilọlá kígbe.

Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kan etí ẹkù. Bó ṣe dúró gbagidi báyìí, Fágbèmí pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi obì àkọ́kọ́ wó, bàbá wọlé lọ, kò sì jáde títí dìrọ̀lẹ́.

Àwọn ẹbí Olúsànyà wá láti Abẹ́òkúta láti tọrọ ọmọ. Odindi àpò iyọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ níwájú Fágbèmí. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò.

"Ó pẹ́ lọ́nà o," ó ní. Ó wá pe Sẹ̀gilọlá pé kó jáde wá kí àwọn àna rẹ̀.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, Sẹ̀gilọlá fa ọkọ rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ó yọ fọ́nrán aṣọ tí wọ́n tú lára èèkàn nínú ìró rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, pupa náà kò lọ. Ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

"Kí lèyí?"

"Ààlè ni. Kí gbogbo obìnrin tó wà lójú ọ̀nà rélùwéè, láti ibí dé èbúté, lè mọ̀ pé o lólóhun."

"Ìgbà wo lo máa tú u, ìyàwó mi?"

Sẹ̀gilọlá fún kókó náà le sí i.