Ẹni Tó Jẹ́ Ìpè Oúnjẹ

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì nípa ọkùnrin náà ni pé kì í làágùn. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gbé ìjọba fún alágbádá lóṣù karùn-ún, iṣẹ́ ti pọ̀ ní Ṣómólú, ṣùgbọ́n iná NẸ́PÀ kò yé lọ. Ooru ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èmi àti Toyibat, àbúrò mi, níbi tí a ti ń ká ìwé ní ilé ìtẹ̀wé Alàgbà Mákánjúọlá. Àlejò yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù tó nípọn, ojú rẹ̀ gbẹ, kò sì wọlé.

À ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́. Bébà ti gé Toyibat níka, ó ń fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èmi ọmọ tí a kọ́ nílé, ẹnu mi ò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Mo ní, "Ẹ wá jẹun, sà."

Ta ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni? "Á gba ibi ire" ni èèyàn máa ń dáhùn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣé. Mo gbà." Ó wọlé, ó jókòó ti Toyibat. Kò fọwọ́ kan ìrẹsì.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí kì í wá. Yóò kàn jókòó, yóò máa wo àbúrò mi, Toyibat náà á máa rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àtẹ́lẹwọ́ Toyibat funfun bí ẹfun. Nọ́ọ̀sì kan ní Bàrígà ní ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí ojú egbò kankan. Síbẹ̀ kò gbà kí n fi òun sílẹ̀ sílé ní Abúlé Òkúta.

"Àǹtí mi, ó máa wá. Ẹ jẹ́ n lọ."

Alàgbà Mákánjúọlá pè mí sẹ́yìn ẹ̀rọ, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Modinat, ìwọ lo pè é wá jẹun. Ìwọ nìkan lo lè sọ fún un pé oúnjẹ ti tán. Tó bá fi di ọ̀la, a máa sin àbúrò ẹ."

"Mo ti gbọ́, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Toyibat ti nà gbalaja sórí bébà, agbára káká ló fi ń mí. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wò mí bí aláàwẹ̀ ṣe ń wo omi nírọ̀lẹ́. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọkùnrin kankan kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé oúnjẹ ti tán ni?" Jẹ́jẹ́ ló bi mí.

"Ti Toyibat ti tán," ni mo wí, mo sì tú ìborùn mi.

Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí. Àbúrò mi yè, ó ń jẹun, ẹ̀jẹ̀ ti padà sójú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé, "Àǹtí mi fi ẹ̀mí ara wọn ra tèmi." Ojú ń tì mí. Ìlara ni mo ṣe, kì í ṣe ìfẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Toyibat fi ń gbẹ lójú mi, ohun tí mò ń bi ara mi ni pé kí ló dé tí kì í ṣe èmi.

Àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń funfun. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè fi lé e lọ, mo sì lè sọ ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n aago méjì ti kọjá, kò tíì dé, ẹkún ni mò ń sun.