Pisingo àti Wúrà Olórí Àdán

Gbà! Gbà! Gbà!

Ìbọn dún lọ́sàn-án gangan! Gíláàsì fọ́ wàràwàrà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Sierra Nevada.

"Ẹ dojú bolẹ̀! Ẹni tó bá gbórí sókè, màá forí ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù!"

Pisingo nìyẹn, ọlọ́ṣà tí wọ́n ń sá fún láti ìlú Santa Marta dé Palomino. Ó fa ère wúrà kan yọ láàárín gíláàsì tó fọ́: ara ènìyàn, orí àdán, apá méjèèjì nà bí ìyẹ́. Àwọn àgbà ẹ̀yà Tairona, onílẹ̀ àtijọ́, ló rọ ọ́, kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Fi sílẹ̀!" Ìyá Eneida, olùtọ́jú ilé náà, kígbe láti ilẹ̀. "Oko bàbá mi ni wọ́n ti wú u. Ebi pa bàbá mi títí, kò tà á!"

Pisingo so ó mọ́rùn. "Màmá, ẹ rọra. Ẹni tó bá wọ èyí, ìbọn kì í ràn án, á sì máa fò bí àdán. Ta ló fẹ́ mú mi?"

Fùrùrùrù! Òun àti Chepe, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí olè, ti gun alùpùpù, ó di etíkun! Ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, wúrà lọ nìyẹn!

Kọ́pùrà Nevis Cantillo, ọlọ́pàá, ń jẹ ẹja díndín lọ́wọ́ létí títì nígbà tí wọ́n kọjá. Obìnrin náà ju àwo sílẹ̀, ó fò gun alùpùpù tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá Pisingo!

Wọ́n já wọnú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé ń gbá Nevis lójú, pàá! pàá! Chepe yíjú padà, ó yìnbọn. Gbòsà! Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wó lulẹ̀.

"Kí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe fún ẹ?" Nevis pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó yin ìbọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Bùú! Táyà wọn bẹ́! Chepe ré lulẹ̀, ó nawọ́ sókè kíá. "Èmi kọ́ o! Òun ló bẹ̀ mí!"

Pisingo sáré dórí afárá tó gba orí ọ̀sà kọjá. Àwọn àgbẹ̀ tó gbọ́ ìró ìbọn ti dúró lódì kejì pẹ̀lú àdá. Ó fa ìbọn. Ká! Ọta ti tán.

"Ó parí, Pisingo," ni Nevis wí.

"Fún ta? Èmi tí mo ti di àdán!"

Ó na apá méjèèjì. Ó fò!

Gbìì!

Omi ọ̀sà ti fà sẹ́yìn lábẹ́ afárá. Ẹrẹ̀ gbé e mì dé àyà, kò lè gbẹ́sẹ̀.

Nevis tẹ́ pákó sórí ẹrẹ̀, ó rọra rìn lórí rẹ̀, ó kọ́kọ́ bọ́ wúrà náà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan já Ìyá Eneida sílẹ̀, Nevis gbé wúrà náà lé e lọ́wọ́. Ìyá náà fi etí aṣọ nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá!" Pisingo ké. "Ẹ tètè fà mí jáde, akàn ń gé mi jẹ!"

"Níbo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí níwájú màmá!"

Ẹ̀rín pa àwọn àgbẹ̀ débi pé okùn tí wọ́n fi ń fà á bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó rí i fà jáde.