Gọ́ọ̀sì Kẹwàá

Lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ọjọ́ Sátidé, nílé ìyá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Zulaikha mú tẹ̀sùbáà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó dé orí ìlẹ̀kẹ̀ kẹta, ó gbọ́ pé ẹnìkan ń bá òun kà á. Ohùn obìnrin ni, ó rọra ń tẹ̀ lé tirẹ̀, bí ohùn ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí wọ́n kà á dé ẹ̀sán, ohùn náà dákẹ́. Zulaikha fẹ́ ka ẹ̀wá, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, orí ìlẹ̀kẹ̀ kẹsàn-án náà ni wọ́n jọ ń dúró sí.

Ìyá rẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbójú sókè. "Kí ló dé tí o di ikùn mú báyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Mọ́tò ló gbò mí jìgìjìgì."

Irọ́ ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ kò jìnnà débi tí ìrìn rẹ̀ yóò fi máa gún ènìyàn nínú ikùn apá ọ̀tún fún odindi ọjọ́ méjì. Zulaikha mọ ohun tó wà lọ́kàn òun. Bí yóò ṣe sọ ọ́ tí ayé rẹ̀ kò fi ní dojú rú ni kò mọ̀.

Ọdún kẹta rèé tó ti ń kọ́ iṣẹ́ tíátà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe tíátà tí wọ́n ti ń ṣeré o, ìyàrá tí wọ́n ti ń la inú ènìyàn ni. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń se irinṣẹ́ kí kòkòrò àìsàn ara rẹ̀ lè kú, àwọn ló ń fi ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí lé dókítà lọ́wọ́ kó tó béèrè, àwọn ló sì ń ka gbogbo ohun tó wọ inú aláìsàn kí wọ́n tó rán an. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé ní àdúgbò Under G máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí gbogbo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló fi òwú kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kó ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Màdáámù Fọláhànmí tó ń kọ́ wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kíkà ṣeré. Èdè Yorùbá ló ní kí wọ́n máa fi kà á, ketekete, kí ẹnì kejì sì máa wí i tẹ̀ lé e. "Òyìnbó ti ń yára jù lẹ́nu ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ ó ti pe tẹ́ẹ̀nì kí ojú yín tó rí márùn-ún." Bí ẹyọ kan bá dín, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán nǹkan kan títí wọn yóò fi rí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, Dókítà Adébóyè ń yọ ìjù inú ilé ọmọ fún obìnrin oníṣòwò kan láti Sábó, Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀. Màdáámù Fọláhànmí wà nídìí iṣẹ́ abẹ mìíràn ní ìyàrá kejì. Zulaikha ló ń gbé irinṣẹ́, Mubaraq, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló ń kọ iye wọn sára pátákó. Iná lọ lójijì. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì ṣe é títí jẹnẹrétọ̀ fi dáhùn. Nígbà tí iná dé, Zulaikha ka àwọn gọ́ọ̀sì, àwọn aṣọ funfun tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Mẹ́wàá ni wọ́n mú wọlé. Mẹ́sàn-án ló kà.

"Ó pé?" Dókítà Adébóyè ti na ọwọ́ fún abẹ́rẹ́.

Ẹ má tètè dá ọmọ náà lẹ́jọ́. Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé kò pé, ó dá dókítà yìí dúró fún ogún ìṣẹ́jú, nínú garawa ìdọ̀tí ni wọ́n ti padà rí gọ́ọ̀sì náà. Lọ́jọ́ kejì ni dókítà kọ̀wé pé ọmọ náà kò yẹ fún iṣẹ́, ló bá di ẹni ilé. Ọwọ́ ọkùnrin kan náà ni ìwé Zulaikha wà. Ó dá a lójú pé nínú garawa ni ẹ̀kẹwàá wà. Ó ya ọ̀rá pákẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi ẹyọ kan kún mẹ́sàn-án, ó ní, "Ó pé, sà." Mubaraq kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pé, Zulaikha sì fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n ti gbé aláìsàn jáde, Zulaikha tú garawa náà yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó yẹ kó pariwo lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun yóò sọ ọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ dé, ó ní ó di ọ̀la. Bó ṣe ń sún un síwájú ni ọ̀rọ̀ náà ń tóbi sí i, títí kò fi gba ẹnu rẹ̀ jáde mọ́. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà ni ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.

Ọjọ́ Ajé tó padà síbi iṣẹ́, wọ́n ní kó ka irinṣẹ́ fún àwọn ọmọ tuntun. Ení, èjì, ẹ̀ta. Ohùn gbígbẹ yẹn ń tẹ̀ lé e, létí rẹ̀ nìkan. Nígbà tó dé ẹ̀sán, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó wò yíká bíi pé ó ń wá ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà wà níwájú rẹ̀ gan-an.

Màdáámù Fọláhànmí fà á lọ́wọ́ jáde. "Kí ni o ṣe?" Ó rọra béèrè rẹ̀ ni.

Zulaikha kúnlẹ̀ sí kọ́rídọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Màdáámù kò bá a wí. Ojú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé Ràmọ́tà, tó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù, lọ ya fọ́tò inú, nítorí òwú kan wà lára gọ́ọ̀sì tó máa ń hàn funfun nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò jáde. Inú Ràmọ́tà mọ́ tónítóní.

Ọkàn Zulaikha balẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ìrora náà ká a kò, ó ṣubú lulẹ̀. Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní kí wọ́n kúkú gbé òun náà sórí tábìlì. Nígbà tí fọ́tò tirẹ̀ jáde, ọkùnrin náà wò ó, ó tún un yà, ó tún un wò. Òwú funfun kan ká lọ́ọ́lọ́ọ́ sínú ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún.

Dókítà Adébóyè gbé fọ́tò náà sókè síná. "Ta ló la inú fún ẹ? Nígbà wo?"

"Ẹnikẹ́ni ò là mí rí, sà."

Wọ́n ká aṣọ kúrò ní ikùn rẹ̀, wọ́n wò ó. Kò sí àpá kankan. Màdáámù Fọláhànmí fi ọwọ́ pa ibẹ̀ títí, ó wá jókòó sórí àga.

"Ẹ bá mi yọ ọ́, sà," Zulaikha bẹ̀bẹ̀.

Dókítà gbé fọ́tò náà sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ le. "Ara tí ọ̀bẹ ò kàn rí. Kí ni kí n kọ síwèé pé mo lọ wá níbẹ̀? Ìwé Ọjọ́bọ̀ sọ pé ó pé, ìwọ lo fọwọ́ sí i. Fọ́tò obìnrin yẹn sì ti jẹ́rìí. Kò sí gọ́ọ̀sì kankan tó sọnù." Ó ní ẹ̀rọ ló ń ṣe ségesège, ó bọ́ síta.

Zulaikha di ògiri mú títí ó fi dé wọ́ọ̀dù. Ràmọ́tà ti di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n wá mú un padà sí Sábó. Nígbà tí obìnrin náà ya ẹnu kí i, ara Zulaikha bù máṣọ. Ohùn gbígbẹ náà ni.

"Ṣé ìwọ lò ń kà á lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni, mà." Ó kúnlẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi. Ojú nìkan ni mo dì, mi ò sùn." Ràmọ́tà sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn aláìsàn yòókù má baà gbọ́. "Mò ń bá ẹ kà á nínú ọkàn mi, kẹ́rù má baà pa mí. Mo gbọ́ ẹ̀sán. Mo gbọ́ tí ọ̀rá ya. Mo gbọ́ tí o ní ó pé. Mo fẹ́ pariwo, ahọ́n mi ò gbé e. Mo wá ní, Ọlọ́run Ọba, bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú mi, ẹ dá a padà fún ẹni tó fi í síbẹ̀."

Zulaikha di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó mú un kúrò."

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́, ọmọ mi. Láti ìgbà tí fọ́tò ti fi hàn pé inú mi mọ́ ni mo sì ti ń bẹ̀ Ẹ́." Omi ti lé ròrò sójú obìnrin náà. "Ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn mọ́."

Ó rọra já aṣọ rẹ̀ gbà, ó gbé báàgì rẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ rìn mọ́ bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà kanra, ó sì yára jáde lọ bá mọ́tò rẹ̀.